Kí ẹ tó gbé yàrá lé orí gáréèjì, ẹ gbẹ́ ẹsẹ̀ òpó wò

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìdáwọ́lé o. Ẹ ó kọ́ ọ tán, ẹ ó sì gbé inú rẹ̀ pẹ́. Ẹ ní gáréèjì ọkọ̀ méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín ní Ìkòròdú, pé wọ́n ti da dẹ́kìn, ìyẹn kọnkéré pẹrẹsẹ, sórí rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ, àti pé bíríkìlà yín wò ó, ó ní yóò gbé yàrá méjì àti balùwẹ̀ láìmira. Ẹ wá ń béèrè pé ṣé kí ẹ máa ra búlọ́ọ̀kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rà á. Ohun tí bíríkìlà tèmi náà sọ nìyẹn ní oṣù kejì ọdún 2019, ní Akóbò, n'Ìbàdàn níbí. Ó tiẹ̀ fi ẹsẹ̀ gbá òpó náà lójú mi, ó ní, "Dádì, èyí? Erin ò lè wó o."

Màmá mi ni mo fẹ́ kọ́ ọ fún. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà náà, àwọn nìkan ló sì ń dá gbé lábúlé. Ilé wa ti kún, kò sì sí ilẹ̀ mọ́ lẹ́yìnkùlé. Kànga àti sọ́kàwéè ti pín in láàárín ara wọn. Òkè gáréèjì ló kù. (Gáréèjì ilé ni mo ń wí o, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń pe èrò.) Mo ra búlọ́ọ̀kù 500, oní-ínṣì 9, mo tò wọ́n sẹ́bàá ọ̀nà. Inú mi dùn bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà ọdún fún.

Ọjọ́rú kan ni, ọjọ́ 13 oṣù kẹta. Ìyàwó mi ti ilé ìwé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ dé, ó tan tẹlifíṣọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi ilé tó wó ní Ìta Fáàjì l'Ékòó hàn, tí ilé ìwé àwọn ọmọdé wà nínú rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ títí a fi jẹun alẹ́ tán. Ó wá ní, "Bàbá Tóbi, ẹnikẹ́ni ò ní gbé búlọ́ọ̀kù kan sórí gáréèjì yẹn títí ẹnjiníà á fi wá wò ó." Mo ní bíríkìlà ti wò ó. Ó ní, "Bíríkìlà tó ń retí owó iṣẹ́ yẹn náà?" Mo dákẹ́.

Ẹnjiníà tó wá kéré lójú mi. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan ni, ó ní ìwé COREN, àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀, lọ́wọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ṣì ń rí ọmọ tó máa ń wá gbá bọ́ọ̀lù lójúde wa. Mo rò pé yóò gun òkè, yóò wo dẹ́kìn, yóò sọ òyìnbó díẹ̀, yóò gba owó ọkọ̀. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní kí wọ́n bá òun wá lébìrà kan pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti díígà, kí ó gbẹ́ ẹsẹ̀ òpó tó wà lápá géètì.

Wọn ò tíì gbẹ́ ẹ dé orúnkún tí ó fi ní kí wọ́n dúró. Ó pè mí. "Ẹ wá wò ó, sà." Òpó náà tán síbẹ̀. Orí jámánì-flọ́ọ̀, kọnkéré tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ilé, ló jókòó sí. Irin mẹ́rin tó wà nínú rẹ̀, wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ nídìí bí ìka ẹsẹ̀ adìyẹ, wọ́n sì da kọnkéré lé e. Kò sí ìpìlẹ̀ tirẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ rárá, àfi búlọ́ọ̀kù ìpìlẹ̀ ògiri tó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Èmi tí mo ti ń wo òpó yẹn láti ọdún mẹ́sàn-án, tí mo máa ń fara tì í ṣeré pẹ̀lú àwọn aládùúgbò! Ọmọ náà ní òpó yìí dà bí ẹni tó dúró lórí àpótí. Tó bá dá dúró, kò séwu, ṣùgbọ́n ẹ má gbé ẹrù lé e lórí.

Ó fọ́ eteetí òpó náà díẹ̀, ó fi irinṣẹ́ kékeré kan wọn irin rẹ̀. Irin 12mm ni mo san owó rẹ̀, èmi gan-an ló lọ sọ́jà. Ohun tí irinṣẹ́ yẹn kà kò tó 11mm. Ẹ wò ó, láti ọjọ́ náà ni mi ò ti fi ojú ra irin mọ́.

Ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ló wá dá sí. Ẹnu náà fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 18, kò sí òpó láàárín, líńtẹ́ẹ̀lì, kọnkéré tó dábùú òkè rẹ̀, kò sì jìn ju ínṣì 9 lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní bí òun bá fẹ́ kí ó ru ilé, bíìmù ibẹ̀, ìyẹn kọnkéré onírin tó ń ru ẹrù, gbọ́dọ̀ jìn tó ínṣì 18, ká tó wá ṣírò irin inú rẹ̀. Ó fi kálámù ṣe ìṣirò lẹ́yìn páálí kan fún mi, mo sì ń bẹ̀ yín kí ẹ̀yin náà ṣe é fún tiyín. Gáréèjì mi jẹ́ mítà 6 ní gígùn, mítà 6 ní fífẹ̀. Dẹ́kìn tó bá ki tó ínṣì 6 lórí rẹ̀ yóò gba nǹkan bíi 5.4 kúbíìkì mítà kọnkéré. Kúbíìkì mítà kan kọnkéré onírin tó tọ́ọ̀nù 2.4. Dẹ́kìn nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tọ́ọ̀nù 13, ká tó sọ ti búlọ́ọ̀kù, ká tó sọ ti táìlì, òrùlé, àti táǹkì omi. Táǹkì 1,000 lítà tí ẹ rí yẹn, tọ́ọ̀nù kan ni nígbà tó bá kún. Dẹ́kìn àtijọ́ tèmi kò sì ki ju ínṣì 4 lọ. Òjò ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe ènìyàn.

Ohun tí a ṣe nìyí. A wó dẹ́kìn àtijọ́ náà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi fọ́ ọ, eruku sì wọ inú gàrí wa. A gbé òpó 6 tuntun dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nínú gáréèjì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní kòtò tirẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà 4 ní gígùn, 4 ní fífẹ̀, 5 ní jíjìn, títí a fi bá ilẹ̀ pupa tó le. Irin 16mm ni wọ́n hun sísàlẹ̀ bí àtẹ, láti ibẹ̀ sì ni irin òpó ti gòkè láìjá. Ẹ fi sọ́kàn pé ti Akóbò lèyí. Bí ilẹ̀ yín bá sún mọ́ ọ̀sà, tí omi ń sun nígbà òjò, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ilẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ìwọ̀n kòtò fún yín. Ẹ má sì kó ti tèmi lọ fún bíríkìlà pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é n'Ìbàdàn.

Àwọn òpó náà jẹ ínṣì 9 lápá ọ̀tún, 9 lápá òsì. Gáréèjì ọkọ̀ méjì di ti ọkọ̀ kan àti kẹ̀kẹ́. Bí mo bá wọlé báyìí, mo ní láti ká dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ sẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi ṣáájú.

Lọ́jọ́ kẹwàá tí a da dẹ́kìn tuntun, káfíńtà gbé ọkọ̀ dé, ó ní òun fẹ́ kó pátákó àti ọparun òun tó gbé dẹ́kìn náà dúró lọ sí ibi iṣẹ́ mìíràn. Ó ti tú ọparun méjì kí n tó jáde sí i. Mo pe ẹnjiníà, ó pariwo lórí fóònù tó bẹ́ẹ̀ tí káfíńtà náà gbọ́ ọ láti ibi tó dúró sí. Ọjọ́ 21, ó kéré tán, ló ní kí gbogbo rẹ̀ fi wà lábẹ́ bíìmù náà. Mo san owó ọjọ́ tó ṣẹ́kù fún un, ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo san án. Ẹ ti kọ ọ́ sínú àdéhùn yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ló ń bu omi sórí dẹ́kìn láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ méje, àpò òfìfo la sì fi bò ó kí oòrùn má baà fa omi ara rẹ̀ gbẹ.

Lórí ìwé àṣẹ: pláànù bọ́gálò tí ẹ gbà nígbà tí ẹ ń kọ́lé kò bo òkè yìí. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìpínlẹ̀ Èkó, LASPPPA, àjọ tó ń fọwọ́ sí pláànù ilé, ni ẹ óò ti gba àṣẹ tuntun, LASBCA, àjọ tó ń mójú tó ilé kíkọ́, ló sì ń wá yẹ iṣẹ́ wò bó ṣe ń gòkè. Ó ń gba àkókò. Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nísinsìnyí.

Ẹ wá gbọ́ ìwà òmùgọ̀ tí èmi fúnra mi hù lẹ́yìn tí ẹnjiníà ti lọ.

Àkọ́kọ́ ni àkàbà. Mo fẹ́ fi owó pamọ́, mo ní kí wẹ́dà bá mi ṣe onírin síta. Láti ilẹ̀ dé ilẹ̀ òkè jẹ́ ínṣì 126. Ó ṣe ìgbésẹ̀ 14, ínṣì 9 ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí irin má baà pọ̀. Ọjọ́ tí Màmá dé, wọ́n gun mẹ́rin, wọ́n dúró, wọ́n di irin mú, wọ́n wo mi láti òkè. "Ṣé ọmọ ogun ni mí ni?" Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi sùn nínú pálọ̀ wa nísàlẹ̀. A tú u, a fi kọnkéré ṣe òmíràn: ìgbésẹ̀ 18, ínṣì 7 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ibi ìsinmi láàárín, irin ìdìmú lápá méjèèjì. Àyè tó gbà nísàlẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, nítorí náà kí ẹ ti mọ ibi tí yóò sọ̀ sí kí ẹ tó da dẹ́kìn.

Ìkejì ni balùwẹ̀. Mo gbé e sí igun tí mo fẹ́, ó jìnnà sí sọ́kàwéè, páìpù ìdọ̀tí wá gba orí ọkọ̀ kọjá. Plọ́ńbà ní kí a dí ojú ihò, kí a rọ omi kún ilẹ̀ balùwẹ̀ fún wákàtí 24, kí a rí i bóyá ó ń jò, ká tó lẹ táìlì. Mo ní àsìkò ò sí, Màmá ń bọ̀. Kò tó oṣù kan tí omi fi ń kán tó, tó, tó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì Corolla mi. A fọ́ táìlì tuntun.

Ìkẹta ni mi ò ní dárí rẹ̀ ji ara mi bọ̀rọ̀. Inú gáréèjì ni jẹnẹrétọ̀ wa máa ń wà tẹ́lẹ̀, nínú igun kan, pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí pé ènìyàn ti ń sùn lókè báyìí. Òru kan tí kò síná, a tan jẹ́n títí di aago mẹ́rin ìdájí. Láàárọ̀, Màmá ò sọ̀kalẹ̀ wá jẹ ẹ̀kọ. Mo gòkè, mo bá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì, orí ń fọ́ wọn, èébì ń gbé wọn, ẹsẹ̀ wọn ò lágbára. A ní ibà ni. Àgbo la ti fẹ́ sè. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé ilé kejì ló wọlé, tó wo yàrá náà yíká, tó ní, "Níbo ni jẹ́n yín wà?" Ó gbé wọn síta kí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́, a sì gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì, kò lóòórùn, kò láwọ̀. Ihò páìpù tí plọ́ńbà ò dí yíká ló gbà wọlé. Ọlọ́run ló yọ wá. Ọjọ́ náà gan-an ni jẹ́n àti kẹ́ẹ̀gì kúrò níbẹ̀, a kọ́ ilé kékeré fún un lẹ́bàá fẹ́ńsì ẹ̀yìn, ó jìnnà sí fèrèsé gbogbo wa. A fi kọnkéré dí gbogbo ihò inú dẹ́kìn. Bí mo bá sì fẹ́ gbóná ọkọ̀ láàárọ̀, ìta ni mo ti ń ṣe é, ẹnu ọ̀nà gáréèjì ìbáà ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ibi tí òrùlé bọ́gálò ti pàdé ògiri tuntun yóò jò bí ẹ ò bá ṣe gọ́tà síbẹ̀. Ìyẹn ò gba àlàyé.

Ẹ béèrè iye tó ná mi. Nígbà náà, àpò sìmẹ́ǹtì kò tíì tó ₦3,000, nítorí náà iye tèmi ò ní wúlò fún yín. Ohun tí mo lè sọ ni pé owó tó wọ ilẹ̀, láti ìsàlẹ̀ kòtò dé orí dẹ́kìn, ju owó yàrá méjèèjì pẹ̀lú òrùlé wọn lọ. Búlọ́ọ̀kù 500 yẹn? Ẹnjiníà ní kí n má gbé oní-ínṣì 9 gòkè, pé oní-ínṣì 6 tó fún irú ilé bẹ́ẹ̀. Fẹ́ńsì ẹ̀yìn ló jẹ ẹ́.

Nítorí náà, lọ́la, ẹ wá lébìrà kan, kí ó gbẹ́ ẹsẹ̀ òpó kan péré lápá ìta, kí ó má gbẹ́ abẹ́ rẹ̀ o, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni, títí ẹ óò fi rí ibi tó parí sí. Ẹ wọn ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ náà, ẹ wọn bí dẹ́kìn ṣe ki tó létí. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi síbí, kí ẹ sì dá ilẹ̀ padà sí i kí òjò tó rọ̀.