Ọmọ mi ti di ọmọ Amẹ́ríkà: ṣé ẹbí tó wà ní Àkúrẹ́ lè dí i lọ́wọ́ iṣẹ́?

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọkùnrin ti di ọmọ-onílùú Amẹ́ríkà. Iléeṣẹ́ kan tó ń bá ológun wọn ṣiṣẹ́ fẹ́ gbà á, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba security clearance, ìyẹn àṣẹ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún ẹni tí wọ́n lè fi ọ̀rọ̀ àṣírí ìjọba lé lọ́wọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó ju páspọ́ọ̀tù Nàìjíríà rẹ̀ nù, kó má sì dárúkọ àwọn ọmọ bàbá rẹ̀. Kí ni kó ṣe? Ìyá kan, Òkè-Ìjẹ̀bú, Àkúrẹ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má jẹ́ kó gba ìmọ̀ràn yẹn. Jíjẹ́ ọmọ ìlú méjì nìkan kì í dínà clearance. Abala 28 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 kò sì gba ẹ̀tọ́ ọmọ-onílùú lọ́wọ́ ẹni tí ó bá a wáyé, ìbáà gba ti ibòmíràn. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń ní kéèyàn fi páspọ́ọ̀tù ilẹ̀ mìíràn sílẹ̀. Láti June 2017 tí ìlànà tuntun ti bẹ̀rẹ̀, níní in kò di nǹkan kan mọ́, fífi í pamọ́ ló ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Kó kọ ọ́ sí SF-86, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè clearance. Àmọ́ ti Amẹ́ríkà ni kó máa fi wọ Amẹ́ríkà, òun náà ni kó máa fi jáde.

Ti ẹbí ló gba sùúrù. Abala 18 nínú fọ́ọ̀mù SF-86 ń béèrè bàbá, ìyá, ọmọ, àna tó jẹ́ òbí ìyàwó, àti gbogbo ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, títí kan àwọn ọbàkan, alààyè àti olóògbé. Bí bàbá rẹ̀ bá ní ìyàwó mẹ́ta, ọmọ ìyàwó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ wọlé. Ẹ pe àwọn àgbà ilé jọ, kí ẹ kọ orúkọ, ọjọ́ ìbí, àdírẹ́sì àti iṣẹ́ kálukú sílẹ̀. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, kó fojú díwọ̀n, kó sì fi hàn nínú fọ́ọ̀mù pé ìdíwọ̀n ni. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá kò sí níbẹ̀, àfi bí òun àti ọ̀kan nínú wọn bá súnmọ́ra gan-an láàárín ọdún 7 sẹ́yìn: abala 19 nìyẹn.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé irọ́ nínú fọ́ọ̀mù yẹn lè fa ẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 5. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ti fi orúkọ àbúrò bàbá rẹ̀ ṣe orúkọ bàbá nígbà tó ń gba físà, kó wá lọ́yà kó tó buwọ́ lu ohunkóhun.

Wọn yóò béèrè bóyá ìbátan rẹ̀ kan wà nínú iṣẹ́ ìjọba, ológun tàbí ọlọ́pàá. Akọ̀wé ìjọba kan ní Alágbàká kò ní wúwo tó ẹni tó wà ní DSS, ṣùgbọ́n kó kọ méjèèjì. Owó tó ń fi ránṣẹ́ sílé, ilẹ̀ tó wà lórúkọ rẹ̀, ìbò tó bá ti dì ní Nàìjíríà, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń béèrè. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ẹnìkan lè ti ara ẹbí tàbí dúkìá yìí halẹ̀ mọ́ ọn. Iṣẹ́, ilé àti ìdílé tó ní ní Amẹ́ríkà yóò gbè é.

Bó bá gba clearance náà tán, kó máa sọ fún ẹ̀ka ààbò iléeṣẹ́ rẹ̀ kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì wá sílé ní Kérésìmesì.