Ìbéèrè Yín: Níbo Ni Omi Inú Ògiri Yàrá Tútù Mi Ti Ń Wá?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Oko ẹ̀fọ́ ni mo ń dá nítòsí Abẹ́òkúta. Nínú oṣù kìíní ni mo sọ yàrá kan lẹ́yìn ilé mi di yàrá tútù: káfíńtà fi ìṣó kan igi mọ́ ara búlọ́ọ̀kù, ó to fọ́ọ̀mù funfun sáàárín igi náà, ó fi ọ̀rá bo gbogbo rẹ̀ láti inú, a sì gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí i. Kò sí ìyọnu nígbà ọyẹ́. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, omi ń sun nísàlẹ̀ ògiri, igi ti ń rọ̀, yàrá sì ń rùn. Wọ́n ti yẹ ẹ̀rọ náà wò lẹ́ẹ̀mejì, wọn kò rí àléébù kankan. — Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́

Ìyá wa, ẹ kú wàhálà, ẹ sì kú ìnáwó. Ẹ̀rọ yín kò jẹ̀bi. Ìta ni omi náà ti ń wá. Ẹ wo ìgò omi tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde nínú fíríìjì bó ṣe máa ń làágùn: afẹ́fẹ́ tó yí i ká ni omi ara rẹ̀ ti wá. Bí ooru bá jẹ́ 30°C, afẹ́fẹ́ tó kún àpótí tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan lè gbé nǹkan bí 30 gíráàmù oru omi, ṣùgbọ́n bó bá tutù dé 5°C, kò lè gbé ju nǹkan bí 7 lọ, ìyókù á sì di omi. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ gbẹ ní tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi tètè mọ̀.

Ibi tí ẹ fi ọ̀rá sí ni àṣìṣe wà. Ní Kánádà, inú ilé ló ń gbóná nígbà òtútù, nítorí náà inú ni wọ́n ń ta ọ̀rá sí. Tiwa yàtọ̀, nítorí ìta ni ooru wà, ìhà ìta fọ́ọ̀mù ló sì yẹ kí ọ̀rá wà láti dí oru omi lọ́nà. Oru omi ń gba inú búlọ́ọ̀kù wọlé láìsí ìdènà títí ó fi dé ẹ̀yìn ọ̀rá tútù yín, ibẹ̀ ló ti ń di omi, kò sì rí ọ̀nà gbẹ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí yóò dùn yín, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ọ̀dà bò ó mọ́lẹ̀: ẹ tú ògiri inú náà palẹ̀. Ẹ kó fọ́ọ̀mù tó ti mumi dànù, ẹ pààrọ̀ igi tó ti rọ̀, ẹ pa ẹ̀rọ, kí ẹ sì jẹ́ kí fáànù máa fẹ́ sí búlọ́ọ̀kù títí yóò fi gbẹ dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ na ọ̀rá tó nípọn mọ́ ara búlọ́ọ̀kù gan-an, kí ó kárí àjà, kí etí ọ̀kan gun èkejì dáadáa, kí ẹ sì fi téèpù lẹ ojú ìpàdé wọn. Ẹ fi ara balẹ̀ níbi ihò páìpù àti wáyà, nítorí omi tí afẹ́fẹ́ ń gbé gba ihò kékeré wọlé pọ̀ fíìfíì ju èyí tó ń rọra gba ara ògiri lọ. Iwájú ọ̀rá yìí ni fọ́ọ̀mù líle tí kì í mumi yóò wà. Ẹ má tún ta ọ̀rá kejì sí inú, kí omi tó bá ṣèèṣì wọlé lè gbẹ síhà yàrá, kí ẹ̀rọ sì fà á jáde.

Ilẹ̀ pẹ̀lú nílò ọ̀rá àti fọ́ọ̀mù, ilẹ̀kùn sì nílò rọ́bà tó dì mọ́ ọn yíká. Ẹ má ṣe torí ìbẹ̀rù omi gbìyànjú láti mú afẹ́fẹ́ inú yàrá gbẹ o, nítorí ẹ̀fọ́ eléwé ń fẹ́ ọ̀rinrin tó 95 nínú 100. Bó bá dín púpọ̀ sí i, ewé yóò rọ kí ẹ tó kó o dé ọjà.