Rọpárọsẹ̀ kọlu onílù tí mo fẹ́ràn: kí ni mo lè kọ sí i tí kò ní dẹrù pa á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń gbọ́ orin heavy metal, orin rọ́ọ̀kì tí gìtá àti ìlù rẹ̀ le gan-an, onílù ni mo sì máa ń tẹ́tí sí kí n tó gbọ́ ẹni tó ń kọrin. Lọ́dún tó kọjá, onílù ẹgbẹ́ tí mo fẹ́ràn jù kéde pé rọpárọsẹ̀ (stroke) kọlu òun, apá ọ̀tún òun kò sì ṣe é gbé fún ìgbà díẹ̀. Ó ti padà sórí ìtàgé báyìí, ṣùgbọ́n àwọn orin kan ti falẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì máa ń fo àwọn ibi tó máa ń fi eré lù. Ẹnu àwa olólùfẹ́ rẹ̀ kò kò mọ́. Àwọn kan ní kó lọ sinmi, àwọn kan ń pè é ní akọni tí kò sí ohun tó lè dá a dúró. Mo fẹ́ kọ lẹ́tà sí i, mo sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì eré wọn. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ọwọ́ náà gan-an? Ṣé ó lè bọ̀ sípò? Irú ọ̀rọ̀ wo ló lè ṣe é láǹfààní?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó gbé bírò. Iṣẹ́ fisiotẹ́rápì ni mo ń ṣe, àwọn tó ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe orin sì wà lára àwọn tí mo ń tọ́jú. N kò yẹ ara onílù yín wò, nítorí náà n kò lè sọ ibi tí tirẹ̀ máa já sí. Ṣùgbọ́n mo lè sọ bí nǹkan wọ̀nyí ṣe máa ń rí. Èsì mi ní ṣókí ni pé kí ẹ yìn ín fún ohun tó lù ní alẹ́ tí ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ má ṣe máa béèrè ẹni tó jẹ́ tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí rẹ̀ wà nínú ọwọ́ náà.

Rọpárọsẹ̀ kì í ba ọwọ́ jẹ́, inú ọpọlọ ni ìjàǹbá ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó dì lè dí ojú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀, tàbí kí iṣan náà bẹ́. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Tó bá jẹ́ apá òsì ọpọlọ ló ṣẹlẹ̀ sí, apá ọ̀tún ara ló máa rọ. Egungun ọwọ́ kò kán, iṣan rẹ̀ kò já, àṣẹ láti òkè ni kò dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Lẹ́yìn náà, ibi tó yè nínú ọpọlọ lè kọ́ iṣẹ́ ibi tó ti kú, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni náà bá ń tún ohun kan náà ṣe lọ́pọ̀ ìgbà. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà àkọ́kọ́ ni ìyípadà yìí máa ń yára jù, ṣùgbọ́n kì í parí síbẹ̀. Mo ti rí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń dára sí i lẹ́yìn ọdún kan ààbọ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ kò mọ̀ ni pé kì í padà dé lẹ́ẹ̀kan náà. Èjìká ló sábà máa ń kọ́kọ́ dáhùn, ìgbọ̀nwọ́ á tẹ̀ lé e, ọrùn ọwọ́ á sì tẹ̀ lé ìyẹn. Ìka ló máa ń kẹ́yìn, ìka sì ni onílù metal fi ń ṣe èyí tó le jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá débi eré, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e ló di ọ̀pá mú, ṣùgbọ́n wọn kò há a mọ́ra. Ọ̀pá náà á balẹ̀ lórí awọ ìlù, á sì ta padà fúnra rẹ̀. Ìka mẹ́ta tó kù ló ń gbà á, tó sì ń tì í padà sílẹ̀. Nígbà tí ìlù bá yára dé ibi tí etí kò lè kà á mọ́, apá fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, ìka mẹ́ta yẹn ló kù.

Lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, iṣan ọwọ́ sábà máa ń le gbagidi nígbà tí a bá fipá mú un. Bí onílù bá ṣe ń gbìyànjú sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ á máa há ọ̀pá mọ́ra sí i, ọ̀pá kò sì ní lè ta padà. Ìdí nìyẹn tí ènìyàn fi lè lu orin ńlá tó wúwo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìṣì í, kí àyípo kékeré (ibi tí onílù ti máa ń fi eré lu ìlù léraléra láàárín orin) tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń wò ó lókèèrè lè rò pé kò ṣe ìdánrawò ni. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìdánrawò tó ń ṣe báyìí ju èyí tó ṣe nígbà tó wà lọ́mọ ogún ọdún lọ.

Nínú yàrá ìtọ́jú wa, páàdì rọ́bà kan àti mẹ́tírónómù (ẹ̀rọ tó ń dún ní ìwọ̀n tó dọ́gba) ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, ìlù 60 ní ìṣẹ́jú kan, ọwọ́ kan ṣoṣo. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé gbogbo iṣẹ́ wa kò ju kí ó ṣí ìka tó kéré jù kúrò lára ọ̀pá, kó sì tún dá a padà, láìjẹ́ kí èjìká gbéra sókè. Ọkùnrin tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti pàtẹ́wọ́ fún á máa làágùn lórí ìyẹn. Ohun kan wà tó ń ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ o: ìlù fúnra rẹ̀. A máa ń lo ìró tó dọ́gba láti fi kọ́ àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù bí wọ́n ṣe máa rìn, torí pé ẹsẹ̀ a máa tẹ̀ lé ìró tí etí ń gbọ́. Ẹni tí ìró ìlù ti wọ̀ lára láti kékeré kò bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Ẹ wo Nicko McBrain, onílù Iron Maiden, ẹgbẹ́ metal ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oṣù Kìíní ọdún 2023 ni rọpárọsẹ̀ kọlù ú, ọmọ àádọ́rin ọdún ni. Apá kan ara rẹ̀ rọ láti èjìká lọ sílẹ̀. Nígbà tó di ìparí oṣù Karùn-ún ọdún yẹn kan náà, ó ti jókòó sẹ́yìn ìlù nílùú Ljubljana ní Slovenia, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò eré wọn. Oṣù Kẹjọ ló tó sọ fún gbogbo ayé. Fún oṣù méjì ó lé, àwọn ènìyàn ń jó, wọ́n ń pariwo, wọn kò mọ ohun tí ọkùnrin yẹn ń bá fà á lórí àga. Ó sọ fúnra rẹ̀ pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ìtọ́jú tó le, òun ti padà dé bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Inú ìdá tó kù yẹn ni àwọn àyípo tó yára wà, kò sì fi pa mọ́ pé àwọn kan nínú wọn kò ṣe é lù mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lù ú títí di ọjọ́ keje oṣù Kejìlá ọdún 2024 ní São Paulo, nígbà tó kéde pé òun kò ní bá wọn rin ìrìn-àjò eré mọ́, lẹ́yìn ọdún 42 nínú ẹgbẹ́ náà. Simon Dawson ló jókòó sórí àga náà lẹ́yìn rẹ̀.

Èyí ló dáhùn ìbéèrè yín nípa bíbọ̀ sípò. Ó lè padà dé ibi tó jìnnà gan-an láìdé ibi tó ti wà, kó sì jẹ́ pé ibi tó dé yẹn tó láti fi ṣe eré fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn.

Ọ̀nà mìíràn tún wà, ìyẹn ni pé kí ènìyàn pààrọ̀ ọ̀nà tó ń gbà lù ú. Ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 1984, Rick Allen, onílù Def Leppard, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọdún 21, pàdánù apá òsì rẹ̀ nínú ìjàǹbá ọkọ̀ nítòsí Sheffield. Wọ́n rán apá náà padà, ṣùgbọ́n àkóràn wọ̀ ọ́, wọ́n sì ní láti gé e. Ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti wú mi lórí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń tọ́jú ara ni ẹsẹ̀ òsì rẹ̀. Wọ́n ṣe ìlù oníná fún un pẹ̀lú àwọn pẹ́dàlì, ẹsẹ̀ òsì wá ń lu ohun tí ọwọ́ òsì máa ń lù. Ó ní láti kọ́ ẹsẹ̀ ní èdè ọwọ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1986, wọ́n mú onílù kejì, Jeff Rich, dání lọ sí Ireland kí wọ́n máa jọ lù ú, bí nǹkan bá fẹ́ ṣẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan Rich kò tètè dé, Allen dá eré náà bẹ̀rẹ̀, ó sì ṣe é. Nígbà tí wọ́n dé ibi àjọ̀dún orin Donington ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù yẹn, Joe Elliott, akọrin wọn, dárúkọ Allen fún èrò. Ariwo tí èrò náà pa mú kí omi bọ́ lójú Allen. Ẹ kíyè sí i pé ìlù tuntun, ọ̀nà tuntun, ni wọ́n pariwo fún. Kò sí ẹni tó ní kó lọ mú ọwọ́ òsì rẹ̀ wá.

Kì í ṣe gbogbo àìsàn ló ní irú ọ̀nà àbájáde yìí, mo sì fẹ́ kí ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Clive Burr, tó lu ìlù fún Iron Maiden ṣáájú McBrain, ní multiple sclerosis, àìsàn tí ara fúnra rẹ̀ fi ń ba ohun tó bo iṣan ìmọ̀lára jẹ́. Ooru lásán lè mú kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ̀ṣẹ́ fún wákàtí mélòó kan, iná ìtàgé sì gbóná. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ṣe eré mẹ́ta ní Brixton Academy ní oṣù Kẹta ọdún 2002 láti kó owó jọ fún un. Ó kú ní ọdún 2013. Ní ti Joey Jordison, onílù tó kúrò nínú Slipknot, ẹgbẹ́ metal ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní òpin ọdún 2013, oṣù Kẹfà ọdún 2016 ló tó sọ fáyé pé transverse myelitis, ìyẹn wíwú nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, ló gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ òun, àti pé òun tún un kọ́. Láàárín ọdún méjì àti ààbọ̀ yẹn, kò sí irú ẹjọ́ tí àwọn ènìyàn kò dá fún un. Ó dùn mí nígbà náà, ó ṣì ń dùn mí. Tí onílù bá dákẹ́, ẹ jẹ́ kó dákẹ́.

Àwọn tó ń sọ pé kó lọ sinmi ńkọ́? Àníyàn wọn nídìí. Nígbà tí wọ́n ṣàyẹ̀wò Clem Burke, onílù Blondie, ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lórí ìtàgé, wọ́n rí i pé ìlù ọkàn rẹ̀ lè tó 190 ní ìṣẹ́jú kan, orin metal kò sì rọrùn ju ti Blondie lọ. Àmọ́ dókítà rẹ̀ ló ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọkàn rẹ̀, àwa tó wà nísàlẹ̀ ìtàgé kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá mú kí orin falẹ̀ díẹ̀ fún onílù rẹ̀ ti ń ṣe ohun tó tọ́.

Ọ̀rọ̀ "akọni tí kò sí ohun tó lè dá a dúró" ló ń bà mí lẹ́rù jù. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fi àárẹ̀ pa mọ́. Kò ní sọ fún wa pé ọwọ́ ń kú tipiri, á ṣe ìdánrawò ju èyí tí a ní kó ṣe lọ, iṣan èjìká á sì wú. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń bá. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá rò pé ẹni tí kò lè ṣubú nìkan ni wọ́n fẹ́ràn, ta ló máa sọ fún?

Ó wá ku lẹ́tà yín. Ẹ sọ orin kan pàtó, ibi kan pàtó nínú rẹ̀, àti ohun tí ẹ gbọ́. Bí àpẹẹrẹ: "Nínú orin kẹrin, ẹ fi àyè sílẹ̀ níbi tí ẹ máa ń kún tẹ́lẹ̀, mo sì gbọ́ gìtá ibẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́." Onílù á mọ̀ pé etí yín wà níbẹ̀. Ẹ lè sọ ohun tí orin rẹ̀ ṣe fún yín láyé yín, ìyẹn kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ yọ "ẹ tètè padà bọ̀ sípò" kúrò, ẹ fi "mo dúpẹ́ pé mo gbọ́ yín lọ́dún yìí" rọ́pò rẹ̀. Ẹ má kọ orúkọ oògùn kankan sínú rẹ̀, ẹ má sì sọ ìtàn ẹ̀gbọ́n ẹnì kan tó rí ìwòsàn, nítorí irú rẹ̀ ti kún àpò lẹ́tà wọn. Tí ẹ bá fẹ́ fi owó ṣe nǹkan, ẹ wá ẹgbẹ́ aláàánú tí òun tàbí ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ dárúkọ fúnra wọn.

Níbi eré náà, tí àyípo kan bá bọ́, ẹ má ya fídíò rẹ̀ kiri. Tó bá parí orin, ẹ pariwo bí ẹ ṣe máa ń pariwo. Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ náà ni kí ẹ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí, kì í ṣe ilé rẹ̀, ẹ kọ ọ́ kó má ju ojú ìwé kan lọ torí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń tún ara rẹ̀ ṣe máa ń tètè rẹ̀ tó bá ń kàwé, kí ẹ sì kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé kò pọn dandan kó fèsì.