Ohun tí aráàlú ń rí nínú àmì ìdánimọ̀ àjọ aláàánú

Arábìnrin wa, mo kí yín fún iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ dáwọ́ lé. Ẹ ní ẹgbẹ́ yín fẹ́ máa ran àwọn ọmọ tí wọ́n ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell) lọ́wọ́ ní Ìbàdàn àti àwọn ìlú tí ó yí i ká, pé ayàwòrán kan ní Èkó ti ya àmì ìdánimọ̀ fún yín, ó ya ọmọ kékeré kan sábẹ́ abùradà, ó fi àgbélébùú pupa sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì fi ọwọ́ méjì gbé gbogbo rẹ̀ ró. Ẹ wá ń béèrè bóyá yóò yé àwọn ènìyàn. Èrò mi ni pé kí ẹ má tíì tẹ̀ ẹ́ sórí ohunkóhun, bóyá bánà ni o tàbí tíṣáàtì, n ó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ láti inú ohun tí ojú mi ti rí.

Mo bá àjọ kan ṣiṣẹ́ ní agbègbè Òkè-Ògùn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àjọ tí ń yẹ ojú àwọn àgbàlagbà wò lọ́fẹ̀ẹ́, tí ó sì ń sanwó fún àwọn tí ojú wọn nílò iṣẹ́ abẹ. Kí n tó débẹ̀ ni wọ́n ti yan àmì ìdánimọ̀ wọn, abùradà kan tí ó ṣíji bo ojú kan tí ó là sílẹ̀. Lọ́kàn àwọn tí ó yàn án, abùradà dúró fún ààbò, ojú sì dúró fún ojú, kò sí ohun tí ó lè rú ẹnikẹ́ni lójú níbẹ̀. Àwọn tí ń dá owó fún àjọ náà, tí púpọ̀ nínú wọn ń gbé Èkó àti London, fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ìgbà tí a gbé e dé ìlú àwọn tí a fẹ́ tọ́jú ni ọ̀rọ̀ yí padà.

Láti ọdún 1998 tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ òṣèlú PDP sílẹ̀ ni abùradà ti di àmì rẹ̀, débi pé Alábùradà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń pe APC ní Onígbàálẹ̀. Ìwé ìdìbò tí àjọ INEC ń tẹ̀ kì í ní orúkọ olùdíje nínú. Àmì ẹgbẹ́ àti lẹ́tà ìkékúrú orúkọ rẹ̀ ni ó máa ń wà níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ àmì yẹn sì ni olùdìbò yóò tẹ ìka sí. Nítorí náà, ìyá àgbà tí kò lè ka lẹ́tà kan ṣoṣo mọ àmì àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú dájúdájú, nítorí pé àwọn aṣojú ẹgbẹ́ ti lọ láti ojúlé dé ojúlé láti fi kọ́ ọ kí ọjọ́ ìdìbò tó pé. Ọjọ́ sì ti pẹ́ tí èyí ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀pẹ ni ti Action Group, àkùkọ ni ti NCNC, ògùṣọ̀ tí ń jó ni ti UPN, ẹṣin ni ti SDP ayé ìjọba Babangida, ìràwọ̀ ni ti AD. Àwọn bàbá tí a wá tọ́jú wọ̀nyí kò jẹ́ gbàgbé ilé tí iná jó nígbà rògbòdìyàn òṣèlú tí à ń pè ní wẹ́tìẹ̀ ní ọdún 1965. Bí ẹ bá gbé abùradà síwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀, kò lè rí ààbò níbẹ̀ kí ó tó rí òṣèlú.

Ó bọ́ sí àkókò tí ìdìbò ń sún mọ́lé. A ta bánà wa sí iwájú gbọ̀ngàn ìlú, a sì gbé ẹ̀rọ àyẹ̀wò ojú kalẹ̀. Baálẹ̀ pe olórí wa sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ta ni ó rán wa wá, àti ipò wo ni ẹni náà fẹ́ dù. Àwọn tí wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kejì kò yà sọ́dọ̀ wa rárá, nítorí pé wọn kò fẹ́ kí a rí wọn lábẹ́ abùradà, kí ọ̀rọ̀ má baà dé etí aṣíwájú wọn ní wọ́ọ̀dù. Lára àwọn tí ó wá, ọ̀pọ̀ ni kò bìkítà fún àyẹ̀wò, ìrẹsì àti owó ni wọ́n ń retí, nígbà tí a kò sì fún wọn, wọ́n bínú lọ. A ṣàlàyé títí, ṣùgbọ́n ẹnu wa kò lè borí ohun tí bánà ń sọ lókè orí wa.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ẹwà àwòrán ni mo ń sọ. Bàbá kan wà tí ó jókòó sí òdìkejì títì ní gbogbo ìgbà tí a fi ń ṣiṣẹ́, tí kò sọdá nítorí abùradà yẹn. Lẹ́yìn ìdìbò ni ọmọ rẹ̀ mú un wá. Dókítà sọ pé glaucoma ni. Ohun tí glaucoma bá ti mú lọ lára ìríran kì í padà mọ́. Èyí tí ó ṣẹ́kù nìkan ni ìtọ́jú lè dáàbò bò, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ bí ojú bàbá náà ì bá ti rí ká ní ó tètè wá. Ó ṣì ń dùn mí títí di òní. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ìdáhùn tí ó gùn tó báyìí.

Ojú tí ó wà lábẹ́ abùradà náà dá ìṣòro tirẹ̀ sílẹ̀. Ojú kan ṣoṣo, tí kò sí lórí ara ẹnikẹ́ni, tí ó ń wo ènìyàn: àwọn ìyá ìjọ sọ fún wa ní gbangba pé àmì ẹgbẹ́ awo ni. N kò bá wọn jiyàn. Ibi tí wọ́n ti ń rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ nínú sinimá ni wọ́n ti kọ́ ìtumọ̀ rẹ̀, a kò sì fún wọn ní ìtumọ̀ mìíràn.

Ó wá kan àgbélébùú pupa tí ó wà lára àwòrán yín, èyí tí mo fẹ́ kí ẹ yọ kúrò lónìí yìí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àmì ìṣègùn ni, nítorí pé a ń rí i lára ilé ìtajà oògùn àti lára ọkọ̀ tí ń gbé aláìsàn. Àdéhùn Geneva ọdún 1864 ni ó fi àmì náà lélẹ̀, àwọ̀ àsíá ilẹ̀ Switzerland tí a yí sódì ni, kí ọmọ ogun lè mọ̀ lójú ìjà pé ẹni tí ó gbé e ń tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́, kí ó má yìnbọn lù ú. Òfin tí orílẹ̀-èdè wa ṣe lórí Àdéhùn Geneva ní ọdún 1960 kò fi àyè gba ẹnikẹ́ni láti lò ó láìgba àṣẹ. Bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọkọ̀ yín, àwọn kan yóò rò pé ẹ̀ka Red Cross ni yín, wọn yóò sì máa wá béèrè ìrànlọ́wọ́ ìjàǹbá iná àti omíyalé lọ́wọ́ yín. Ẹ sì wo bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe rí ní ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn tí ó dá a sílẹ̀ kò gbé e kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àmì ẹ̀sìn, síbẹ̀ ní ọdún 1876, nígbà tí ogun dé, ìjọba Ottoman ní Turkey kéde pé àgbélébùú náà kò bá àwọn ọmọ ogun Mùsùlùmí lára mu, wọ́n sì fi oṣù tuntun pupa rọ́pò rẹ̀. Ní ọdún 2005 ni àwọn orílẹ̀-èdè ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí àmì kẹta, onígun mẹ́rin pupa tí ó dúró lórí igun kan, tí kò jọ ti ẹ̀sìn kankan. Ní Ìbàdàn, níbi tí Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ti ń gbé agbo ilé kan náà, kí ni yóò mú kí ẹ fi ọwọ́ ara yín gbé irú ìyẹn wọlé?

Bí ẹ bá sì yọ àgbélébùú, mo mọ ohun tí ayàwòrán yóò mú wá tẹ̀lé e, nítorí pé ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ tí ń ṣe iṣẹ́ bíi tiyín. Yóò ya sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ tí ó tẹ̀ bí dòjé. Láti ọdún 1910 tí dókítà James Herrick ní Chicago ti kọ ìwé nípa irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò wo ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ̀rọ rí kò lè rí sẹ́ẹ̀lì níbẹ̀. Oṣù tuntun ni yóò rí, oṣù tuntun pupa, yóò sì gbà pé àjọ Mùsùlùmí ni yín. Bí ó bá ya ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀, ìyẹn náà kò sàn jù ú lọ, nítorí pé ẹ̀rù gbígba ẹ̀jẹ̀ ti wà nílùú tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin sì fẹ́ kí àwọn òbí gbé ọmọ wọn wá fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ní ti ọwọ́ méjì, ẹ wò ó dáadáa: àtẹ́lẹwọ́ tí a tẹ́ sókè ni ọwọ́ ẹni tí ń tọrọ, bí ayàwòrán bá sì ya ọwọ́ òsì bí èyí tí ń fúnni ní nǹkan, ẹ mọ ojú tí àgbà yóò fi wo irú ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọmọ inú àwòrán náà ni ó wúwo jù lójú mi. Ẹ ní ó dorí kodò, ó sì rù. Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn wa ti ń ka ọmọ tí ó bá ní àrùn yìí sí àbíkú, ẹni tí a ti ń retí pé yóò lọ. Gbogbo ìgbà tí a bá ya ọmọ tí ó rù, tí ó dorí kodò, tí ìyá rẹ̀ ń sunkún, ìgbàgbọ́ yẹn ni à ń tún tẹ̀ jáde fún wọn. Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1963, àjọ tí a wá mọ̀ sí National Autistic Society, tí ń ran àwọn tí wọ́n ní autism lọ́wọ́, ìyẹn àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tí ó yàtọ̀ láti kékeré, yan ègé kan lára àwòrán àtòpọ̀ (jigsaw puzzle), wọ́n sì ya ọmọ tí ń sunkún sínú rẹ̀. Òbí kan nínú ìgbìmọ̀ wọn, Gerald Gasson, ni ó ya á, ìfẹ́ ọmọ ni ó sì mú un ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ní autism sọ fúnra wọn pé àwòrán náà ń sọ fún ayé pé nǹkan kan sọnù lára àwọn, pé ẹkún ni ìgbésí ayé àwọn. Àjọ náà pa á tì nígbẹ̀yìn. Àwọn tí wọ́n ní fòníkú-fọ̀ladìde wà láàárín wa tí wọ́n jẹ́ olùkọ́, agbẹjọ́rò àti ìyá ọmọ. Ṣé ẹ ti fi àwòrán yẹn han ẹnì kan nínú wọn?

Ohun tí ó gbà wá ní Òkè-Ògùn ni pé a dẹ́kun bíbéèrè bóyá àwòrán dára. Bí ẹ bá bi àgbà ilẹ̀ Yorùbá pé ṣé iṣẹ́ yín dára, yóò ní ẹ kú iṣẹ́, yóò sì gbàdúrà fún yín. Ìwà ọmọlúàbí ni, kò fi hàn pé ó yé e. Àwòrán tí kò ní orúkọ tàbí ọ̀rọ̀ kankan lára ni a gbé lọ bá àwọn ìyá ọlọ́jà àti àwọn ọlọ́kadà, a sì béèrè pé: kí ni àwọn tí ó ni èyí ń ṣe, ta ni ó lè lọ bá wọn, ṣé owó ni wọ́n ń gbà? Lẹ́yìn náà a dákẹ́. Àwòrán tuntun tí a kọ́kọ́ mú lọ ni ti ìyá àgbà tí ó wọ awò ojú, tí ó ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó wu gbogbo wa. Àwọn ọlọ́jà ní ẹgbẹ́ àwọn aránṣọ ni. A pa á tì láìjiyàn. Èyí tí ó yé wọn ni bàbá onífìlà kan tí nọ́ọ̀sì ń fi iná yẹ ojú rẹ̀ wò. Kò sí ìjìnlẹ̀ kankan nínú rẹ̀, ohun tí à ń ṣe gan-an ni a yà, a sì kọ "Àyẹ̀wò ojú ọ̀fẹ́" sábẹ́ rẹ̀ gàdàgbà ní Yorùbá. Àwọn olówó wa ní London ní kò jojú ní gbèsè tó ti àtijọ́. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá títì.

Ohun kan tún wà tí àwọn ayàwòrán kì í sábà sọ fún ẹgbẹ́ kékeré: àmì yín kò ní dúró sí ojú kọ̀ǹpútà nìkan. Wọn yóò ṣe é sínú òǹtẹ̀ rìsíìtì, wọn yóò ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀, oòrùn yóò ṣá a lára bọ́ọ̀sì. Nígbà tí wọ́n dá WWF, àjọ tí ń dáàbò bo ẹranko ìgbẹ́, sílẹ̀ ní ọdún 1961, ara ìdí tí wọ́n fi yan panda ni pé ẹranko dúdú-àti-funfun ni, kì í nílò àwọ̀ tí ń náni lówó láti tẹ̀. Ẹ tẹ tiyín ní dúdú àti funfun, kó kéré bí owó ẹyọ, kí ẹ wá wò bóyá ó ṣì ń sọ nǹkan.

Kí ẹ tó padà sọ́dọ̀ ayàwòrán, ẹ kọ́kọ́ pinnu iṣẹ́ kan tí ẹ ń ṣe jù. Bí ó bá jẹ́ àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù ṣáájú ìgbéyàwó, ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n jókòó níwájú nọ́ọ̀sì lè tó. Bí ó bá jẹ́ owó ilé ìwòsàn àti oògùn àwọn ọmọ, mo rò pé ọmọ tí ó wọ aṣọ ilé ìwé, tí ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, yóò sàn ju ọmọ orí ibùsùn lọ. Ayàwòrán náà kò jẹ yín ní gbèsè fún ti àkọ́kọ́, nítorí pé ẹ̀yin náà kò tíì sọ iṣẹ́ yín fún un ní pàtó, nítorí náà ẹ san owó rẹ̀, kí ẹ sì bá a ṣe àdéhùn tuntun. Bí ó bá ti yà á, ọjà Bódìjà àti Ọjà'ba ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ kí ẹ tó fi hàn wá níbí, nítorí pé àwa ti mọ ohun tí ẹ ń ṣe, a kò sì lè fi ojú ẹni tí kò mọ̀ wò ó mọ́.