Ṣé ṣọ́ọ̀kì ọ̀kadà lè dá kẹ̀kẹ́ akẹ́rù dúró?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Níbi tá a ti ń ṣe gàrí ní Kàbà níbí, kẹ̀kẹ́ irin kan wà tó ń dá rìn lójú irin, tó ń kó àpò lọ síbi ìkẹ́rùsí. Rọ́bà tó ń gbà á níparí ọ̀nà ti fàya lẹ́ẹ̀mẹta, férémù ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti ń là. Wẹ́dà wa ní ká jó ṣọ́ọ̀kì ọ̀kadà mọ́ ọn. Ṣé ó dáa?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, sọ fún wẹ́dà yín kó dúró ná. Ọ́ìlì inú ṣọ́ọ̀kì ọ̀kadà kì í fi bẹ́ẹ̀ ta kò ó nígbà tó bá ń wọlé. Ìgbà tó bá ń jáde padà ló ń dè é jù. Sípíríìngì ló máa gba kẹ̀kẹ́ yín, á sì tì í padà sára ẹni tó bá wà lẹ́yìn. Rọ́bà náà ń ta á padà bẹ́ẹ̀.

Ṣọ́ọ̀kì tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ yàtọ̀. Bí ọ̀pá rẹ̀ ti ń wọlé, ó ń fún ọ́ìlì gba àwọn ihò tóóró kọjá; agbára eré kẹ̀kẹ́ á di ooru nínú ọ́ìlì, á sì tán síbẹ̀.

Ká ní kẹ̀kẹ́ àtẹrù wọn 600 kílò, tó ń sáré mítà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí rọ́bà bá dá a dúró láàárín sẹ̀ǹtímítà 1, ohun tí férémù ń gbà sáyà tó ìwúwo tọ́ọ̀nù 12. Bí ṣọ́ọ̀kì bá fi sẹ̀ǹtímítà 5 gbà á, ó rọ̀ sí bíi tọ́ọ̀nù 2 àbọ̀. Irú ìkọlù rọ́bà yẹn ló ń la irin yín. Ẹ kọ́kọ́ dín eré rẹ̀ kù sí ìdajì lónìí, torí agbára ìkọlù á wálẹ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́rin, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á bí kẹ̀kẹ́ ṣe wúwo tó tòun tẹrù, eré tó ń sá, àti iye ìgbà tó ń kọ lù ú ní wákàtí kan, torí ooru. Ẹ fi ti ẹ̀rọ tó ń tì í kún un: ó lè má tíì kú nígbà tí kẹ̀kẹ́ débẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gbàgbé èyí, ó sì ń dùn mí.

Bóòtù ni kí ẹ fi dè é, kó dojú kọ kẹ̀kẹ́ gbọọrọ. Tó bá wọ́, ọ̀pá á tẹ̀. Ẹ ri irin líle mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó máa dá kẹ̀kẹ́ dúró kí ọ̀pá tó wọlé tán. Níbi iṣẹ́ kan tí mo ti ṣe rí, wọn ò ṣe é: ìdí ṣọ́ọ̀kì já, bóòtù kan sì fò gba ibi tí ọmọkùnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò. Mo ṣì ń gbọ́ ìró rẹ̀.

Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ pa iná, ẹ fi àgádágodo ti ṣúíìṣì, kí ẹ wá fìka pa ọ̀pá náà. Kó kàn tutù díẹ̀ fún ọ́ìlì ò burú. Àmọ́ tó bá ń kán sílẹ̀, tàbí tí ọ̀pá ò jáde tán, ẹ yọ ọ́ kí kẹ̀kẹ́ tó tún rìn.