Ẹ Bi Wá: Ta lẹni tó kọ́kọ́ jáde ní Edinburgh lọ́dún 1843?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbọ́ pé ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn ìjọ kan ní Scotland, tó tún jẹ́ pásítọ̀, ló ṣíwájú àwọn pásítọ̀ jáde kúrò nínú ìpàdé ìjọ. Ta ni, kí ló sì dé?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun gan-an, David Welsh nìyẹn. Ìtòsí Moffat ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1793, ó ṣe pásítọ̀ ní Crossmichael àti Glasgow kó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Edinburgh lọ́dún 1831.

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ ni pé òfin 1712 gbé e lé àwọn onílẹ̀ ńláńlá lọ́wọ́ láti máa mú pásítọ̀ fún ìjọ. Ẹ gbọ́ ti ìjọ Auchterarder ní Scotland ná: baálé ilé 330 ló lẹ́nu ọ̀rọ̀ nínú ìjọ yẹn, 287 ní àwọn ò fẹ́ ẹni tí wọ́n mú wá, méjì péré ló fọwọ́ síwèé pé àwọn fẹ́ ẹ, síbẹ̀ kóòtù dá onílẹ̀ láre. Ẹni tó máa ṣèrìbọmi fọ́mọ ẹni, tó máa sin òkú ẹni, ẹ ò wá lẹ́nu ńbẹ̀! Ó dùn mí títí dòní.

Ní May 18, 1843, Welsh ni mọdérétọ̀, ìyẹn alága ìpàdé gbogbogbòò Ìjọ Scotland, tó jókòó sága ní ṣọ́ọ̀ṣì St Andrew ní Edinburgh. Ó gbàdúrà, ó ka ìwé ẹ̀hónú, ó gbé e sórí tábìlì, ó tẹrí ba fún aṣojú Ọbabìnrin Victoria, ló bá gba ẹnu ọ̀nà lọ. Thomas Chalmers, gbajúmọ̀ oníwàásù tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti ronú lọ jìnnà, àfi bó ṣe ta gìrì, tó já fìlà ẹ̀ gbà, tó sáré tẹ̀ lé e, làwọn yòókù bá ń wọ́ tẹ̀ lé wọn, wọ́n fẹsẹ̀ rìn dé gbọ̀ngàn Tanfield ní Canonmills, ibẹ̀ ni wọ́n ti dá ìjọ tuntun sílẹ̀, Free Church. Pásítọ̀ 474 ló fọwọ́ síwèé pé àwọn fi owó oṣù àti ilé sílẹ̀, àwọn tó níyàwó, tó lọ́mọ o!

Chalmers lẹnu àwọn èèyàn máa ń kún fún, àmọ́ Welsh ló kọ́kọ́ gbẹ́sẹ̀, ìgbà yẹn kò tíì sẹ́ni tó mọ iye tó máa tẹ̀ lé e. Ipò ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀ náà bọ́ lọ, ló bá lọ ń kọ́ ìtàn ìjọ ní New College, ilé ẹ̀kọ́ ìjọ tuntun náà, ó tún ń wá ìwé jọ sí láíbìrì wọn.

Ó kú lọ́dún 1845, ẹni ọdún 51. Ó di 1874 kí wọ́n tó fagi lé òfin 1712 náà.