Òkè Àgbélébùú ní Grabarka

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin Olóòtú, mo kí yín o. Ní Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè níbí, níbi tí wọ́n sin Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá sí, kò sí ẹni tí kò mọ òkè àdúrà àti omi ìyè. Ọmọ mi tí ó ń kàwé ní Pólándì sọ fún mi pé ilé ìsìn onípákó kan wà ní ìgbèríko ibẹ̀ tí àwọn èèyàn ń gbé àgbélébùú lọ, tí wọ́n sì ń bu omi níbẹ̀. Ó ní ilé náà ti jóná rí. Ta ni ó kọ́ ọ, kí sì ni ìtàn rẹ̀? (Ìyá ìjọ kan, Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè)

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni ọmọ yín sọ, màmá. Grabarka ni orúkọ òkè náà, nítòsí ìlú Siemiatycze ní ìlà-oòrùn Pólándì. Ìjọ Àgùdà ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ará Pólándì ń lọ, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì, ìjọ Kristẹni àtijọ́ ti ìlà-oòrùn Yúróòpù tí kò sí lábẹ́ Póòpù, pọ̀ ní agbègbè yìí, kò sì sí òkè tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún tó o.

Ìtàn tí àwọn baba sọ fún ọmọ ni pé ní 1710, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ń pa àwọn ará Siemiatycze, bàbá arúgbó kan rí ìran pé kí wọ́n gbé àgbélébùú gun òkè náà, kí wọ́n sì mu nínú omi tí ó ń sun nísàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn tí ó gbọ́ràn kò kú. Àwọn tí àrùn náà dá sí yìí ni ó kọ́ ilé ìsìn àkọ́kọ́, kí wọ́n lè fi dúpẹ́. Igi ni wọ́n sì fi kọ́ ọ, nítorí inú igbó ni wọ́n wà, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba tiwa ṣe fi amọ̀ ẹsẹ̀ wọn mọ ilé. Ní 1947, àwọn sístà dá ilé wọn sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n fi sọrí Màtá àti Màríà.

Ọdún Ìpaláradà Olúwa, ìrántí ìgbà tí ìrísí Jésù yí padà lórí òkè, ni ọdún òkè náà. 19 oṣù Kẹjọ ni ó ń bọ́ sí, nítorí kàlẹ́ńdà àtijọ́ tí ìjọ náà ń lò fi ọjọ́ 13 rẹ̀yìn sí tiwa. Àwọn mìíràn ń fi ẹsẹ̀ rìn fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí wọ́n tó dé ibẹ̀, wọ́n á fi eékún yí ilé ìsìn náà ká, wọ́n á sì ri àgbélébùú wọn mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀ tí wọ́n gbé wá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbélébùú ni ó yí ilé náà ká báyìí.

Ní oṣù Keje 1990, ẹnìkan dáná sun ún, ó sì jó pátápátá. Ó dun àwọn èèyàn náà wọra, ṣùgbọ́n wọn kò fi òkè sílẹ̀: wọ́n tún un kọ́ ní àwòrán ti àtijọ́, bíríkì ni ògiri, pákó ni wọ́n fi bò ó, wọ́n sì yà á sí mímọ́ ní 1998. Èmi kò rò pé ó yẹ kí á pè é ní ilé mìíràn, nítorí àgbélébùú àti omi ti wà níbẹ̀ kí pákó kankan tó débẹ̀.

Omi náà ń sun títí di òní. Wọ́n ń fi aṣọ inura rẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi nu ibi tí ó ń dùn wọ́n, wọ́n á sì fi aṣọ náà sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ọmọ yín bá fẹ́ lọ, kí ó ti débẹ̀ ní 18 oṣù Kẹjọ, nítorí òru mọ́jú ni wọ́n fi ń ṣe ìsìn; kí ó sì mú ìgò dání, kí ó lè bá yín bu omi bọ̀.